Fèrèsé Ló Pa Á

Alhaja Sìkírá tí wọ́n ń ta aṣọ ní Rye Lane ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn fèrèsé yìí fún mi, nítorí pé àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sunkún sí i. Wọ́n ní òkè bọ́ọ̀sì ni àwọn wà, níwájú pátápátá níbi tí àwọn fẹ́ràn láti máa jókòó sí, nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá tó bí ìyá mi, Ìyá Àgbà, ní Peckham, ní London. Wọ́n yíjú, wọ́n bá rí fọ́tò Mojí lójú fèrèsé. Fọ́tò ńlá ni, Mojí ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, ẹnì kan sì ti kọ ÌPAPÒDÀ gàdàgbà sókè orí ẹ̀. Nísàlẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni: Sùn un re o, Mojísọ́lá Àdùkẹ́, ọmọ wa ọ̀wọ́n.

Mojí ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà mi. Àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Àwa méjèèjì la jọ dàgbà, nítorí náà Aunty ni mò ń pè é lójú ènìyàn, Mojí ni mò ń pè é ní kọ̀rọ̀.

Alhaja ní àwọn ò mọ bí àwọn ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n kanlẹ̀kùn, Ìyá Àgbà ṣí i fún wọn, wọ́n sì padà sórí àga wọn. Alhaja bú sẹ́kún, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ han Ìyá Àgbà mọ́. Ìyá Àgbà ṣe àmín, wọ́n ní Alhaja náà ò ní rí irú ẹ̀. Alhaja wá bèèrè ohun tó pa ọmọ. Ìyá Àgbà ní, "Fèrèsé ló pa á." Alhaja wo fèrèsé, wọ́n wo bí ó ṣe ga sílẹ̀ tó, wọ́n tún bú sẹ́kún tuntun.

Ibi tí wọ́n ti ń sunkún yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti yí lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilé ni Mojí máa ń gbà wọlé tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì rí ohun tó wà lójú fèrèsé. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára àti ẹja nínú ọ̀rá lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Alhaja." Alhaja ní bàtà ẹsẹ̀ kan ni àwọn wọ̀ dé ìsàlẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó délẹ̀, wọ́n gbọ́ tí Mojí ń bi ìyá ẹ̀ pé kí ló ṣe Alhaja, wọ́n sì gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà fi dá a lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Ilé yìí ti dákẹ́ jù látìgbà tí ọmọ mi ti kú."

Ìyá Àgbà náà ti lọ báyìí. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, oríṣiríṣi ènìyàn dìde láti sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní abiyamọ tòótọ́ ni wọ́n, òmíràn ní ẹnu wọn kì í ṣẹni. Mo tẹjú mọ́lẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ìyá Àgbà ti jọ lọ síbi ìsìnkú ọkùnrin kan rí, ní Kennington níbi tí mò ń gbé, tí wọ́n ń yin ọkùnrin náà bí ẹni ń yin áńgẹ́lì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń lu ìyàwó. Ìyá Àgbà tẹ orí wá sétí mi. "Òkú ò lẹ́nu," wọ́n ní. "Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń fẹ́ràn ẹ̀."

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe rí ni n ó ṣe sọ wọ́n.

Ilé kánsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ń gbé, ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé pálọ̀ sì dojú kọ títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà lọ sí Rye Lane. Ojú ẹni tó bá jókòó sórí àga Ìyá Àgbà àti ojú èrò òkè bọ́ọ̀sì dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wà láti àárọ̀, tí wọ́n á máa sọ àwọn èrò lórúkọ. Ọkùnrin kan wà tó máa ń sùn, tí ẹnu ẹ̀ á là sílẹ̀: Páńpẹ́-eṣinṣin. Ọmọge kan wà tó máa ń kun ojú àti ètè nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé ibi iṣẹ́: Akunlé. Òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n ṣóńṣó: Òbúkọ-ń-re-ọ́fíìsì. Wọ́n mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ ẹ̀ tó mọ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ nítorí pé wọn ò rí i mọ́. Mo ní Ìyá Àgbà, àwọn náà ń wò yín o. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n wo òun, kó fẹsẹ̀ rìn."

Fèrèsé yẹn, wọn kì í fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá aṣọ síbẹ̀. Wọ́n á fọ kọ́tìnnì funfun ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́tìnnì àti ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fẹ̀yìn ti gíláàsì ẹ̀ níjọ́ kan, wọ́n fà mí létí kúrò níbẹ̀. "Fèrèsé ni iwájú orí ilé," wọ́n ní. "Ohun tí o bá lẹ̀ mọ́ ọn, iwájú orí èmi lo lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ẹnu wọn ńkọ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ìyàwó mi wá kí wọn, ọmọ Èkìtì ni, ó ní òun á se ọbẹ̀ fún ìyá àgbà ọkọ òun. Ó fi ọ̀sán gbogbo sè é. Ìyá Àgbà jẹ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wá yíjú sí mi níwájú ẹ̀. "Ó bá ẹja yìí jà," wọ́n ní. "Ẹja ló sì borí."

Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá gbàdúrà fún eékún wọn. Inú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, ó ti mọ́ Pásítọ̀ lára láti máa pariwo kí ohùn lè dé òpin. Ó ń pariwo náà nínú pálọ̀ kékeré. Ìyá Àgbà ṣí ojú láàárín àdúrà. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, eékún ni mo ní ó ń dùn mí, mi ò sọ pé etí ni." Pásítọ̀ ò padà wá. Ìyá mi ní kí wọ́n fi fóònù pè é, kí wọ́n tọrọ àforíjì, àgbàlagbà tó bá ṣìwí, kì í ṣe ẹ̀gàn tó bá tún un sọ. Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n bi oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ padà. "Ọ̀rọ̀ kì í ṣe owó," wọ́n ní. "Mi ò ní dúró gba ṣéńjì."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tí wọ́n ṣí inú wọn hàn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n ń ju òkúta inú ẹ̀ sínú ìdérí ìkòkò, kò sì sí ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá tó bí wọn. Ní abúlé wọn, lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, àwọn ọmọdé ń kú lágbo ilé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin ilé jọ ń po ẹ̀kọ, ọ̀kan nínú wọn wo ìyá Ìyá Àgbà, tí ọmọ tirẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ní, "Àbí ìwọ ni àjẹ́ wa?" Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ mìíràn tún kú, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti kó ìgbálẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀. Ó di ẹrù, ó gbé e rù, ó jáde, Ìyá Àgbà tó ṣì kéré di etí ìró ẹ̀ mú. Wọ́n gba àárín abúlé kọjá, kò sẹ́ni tó kí wọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ìyá Àgbà ju òkúta kan sínú ìdérí. "Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," wọ́n ní.

Mi ò rò pé wọ́n sọ ọ́ fún Mojí rí. Mojí ò mọ̀.

Mojí padà sílé ìyá ẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ kó ẹrù lọ. Dárà, ọmọbìnrin ẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì wà ní ìkókó. Ìyá Àgbà gbà wọ́n sílé, wọ́n bá a gbé ọmọ pọ̀n kó lè rí shift ṣe nílé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì yé sọ fún àlejò pé ìgbéyàwó Mojí ò pẹ́ tó jíjó tí wọ́n jó níbẹ̀. Mojí á fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ọgbẹ́ tí ìyá ẹ̀ bá dá sí i lára, ẹ̀rín ló fi ń dì í.

Nígbà tí Dárà wọ iléèwé, ó rí i pé tí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, nígbà Halloween tí òyìnbó ń fi iwin àti òkú ṣeré, fèrèsé àdúgbò á yí padà: elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sí, egungun òkú tí wọ́n fi bébà gé, aláǹtakùn, òkúta ibojì. Ó ní tiwọn nìkan ló ṣófo, ó ń tì òun lójú. Mojí dúró di ọjọ́ tí Ìyá Àgbà wá sọ́dọ̀ wa ní Kennington, òun àti Dárà gé bébà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Wọ́n ṣe egungun òkú, wọ́n ṣe elégédé, wọ́n fa òwú aláǹtakùn láti igun kan dé ìkejì. Láàárín gbùngbùn, wọ́n gé ìyá arúgbó kan nínú bébà dúdú, tó tẹ̀, tí imú ẹ̀ gùn, tó di ìgbálẹ̀ mú. Fìlà ṣóńṣó ló yẹ kó wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n bébà dúdú ti tán, ni Dárà bá wá ègé aṣọ kan nínú àpótí Ìyá Àgbà, ó fi wé gèlè fún un.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Ìyá Àgbà padà nírọ̀lẹ́. A wọlé, Dárà fa wọ́n lọ́wọ́ lọ síwájú fèrèsé. Wọ́n wo egungun. Wọ́n wo obìnrin tó wé gèlè náà. Wọ́n bèèrè pé ta nìyí.

Dárà ti bi ìyá ẹ̀ ní Yorùbá ẹ̀ ṣáájú, kí inú Ìyá Àgbà lè dùn. Ó nàró bí ẹni fẹ́ kéwì.

"Àjẹ́ ni, Grandma," ó ní. "Àjẹ́ wa ni."

Mojí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò wo fèrèsé mọ́. Ẹnu Mojí ni wọ́n ń wò, títí ẹ̀rín náà fi tán níbẹ̀. Wọ́n wá bọ́ gèlè tiwọn, wọ́n ká a, wọ́n fi sórí àpá àga.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ó jọ ènìyàn."

Wọ́n jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ kejì. Mojí sọ fún mi lórí fóònù pé òun rò pé wàhálà máa wà, ṣùgbọ́n Mummy ti ń mellow, inú wọn ti ń rọ̀. Àwọn èrò òkè bọ́ọ̀sì sì ń na ìka sí fèrèsé, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn ẹ̀ nínú àga wọn, wọ́n ń wo àwọn tó ń yà á.

Ọkùnrin kan wà ní Rye Lane tó ń tún fóònù ṣe, tó tún ń tẹ káàdì ìkómọ àti póstà òkú nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bọ̀dá Láídé là ń pè é. Òun ló sọ ìyókù fún mi, ojú ń tì í. Ìyá Àgbà mú fọ́tò Mojí wá, èyí tó yà lọ́jọ́ ìkómọ Dárà. Bọ̀dá Láídé bá wọn kẹ́dùn, ó gbé àga fún wọn, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un pé fèrèsé ló pa á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo Rye Lane ti gbọ́ pé ibi tí Mojí ti ń nu gíláàsì ló ti já bọ́. Àwọn kan ní ọkọ tó kó ẹrù lọ ló padà wá tì í. Bọ̀dá Láídé ní òun bi Ìyá Àgbà bóyá kí òun kọ orúkọ ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, nítorí pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní rárá. "Kọ ọ́ pé ó fi ìyá sílẹ̀," wọ́n ní. "Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn."

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, nígbà tí Mojí ṣì wà ní shift, tí Dárà wà níléèwé, wọ́n gun àpótí. Wọ́n yọ ìyá arúgbó inú bébà kúrò. Egungun òkú, wọn ò fọwọ́ kàn án. Òkúta ibojì, elégédé, aláǹtakùn, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àyè tí arúgbó ti kúrò ni wọ́n lẹ póstà mọ́. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì gbé Alhaja Sìkírá dé.

Ẹ wò ó bí bébà kan ṣe lè jẹ́ méjì. Yorùbá tó bá kọjá á dúró, á ká ọwọ́ lérí. Òyìnbó tó bá kọjá á dúró, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ẹni yìí mọ Halloween ṣe. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ gòkè wá sọ fún Ìyá Àgbà pé ojú fèrèsé wọn ló bani lẹ́rù jù ládùúgbò. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń fún fèrèsé tó bá dára jù ní páálí ṣokoléètì; wọ́n gbé e wá fún Ìyá Àgbà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà dúpẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tí mo lọ bá wọn jà, wọ́n ṣí páálí náà fún mi. Mo ní mi ò jẹ. Wọ́n fi ọ̀kan sí mi lọ́wọ́, wọ́n fi ìka mi bò ó.

"Jẹ ẹ́," wọ́n ní. "Sàráà ọmọ mi ni."

Ọ̀dọ̀ mi ni Mojí àti Dárà wà nígbà yẹn. Ó ti dúró láàárín pálọ̀ ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ṣàlàyé, ó ti kúnlẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ìyá Àgbà ń sọ̀rọ̀ gba orí ẹ̀ kọjá, wọ́n ń bi Dárà bóyá ebi ń pa á, wọ́n ń pè é ní ọmọ òrukàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé Mojí jáde. Kì í ṣe póstà.

Èyí tó kù, ìgboro ló ṣe é. Fọ́tò póstà náà ti wọ orí fóònù, ó ti délé. Àwọn ẹbí bàbá ẹ̀ sunkún ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé kò kú, inú bí wọn sí Mojí, bí ẹni pé òun ló tàn wọ́n jẹ. Ní Rye Lane, obìnrin tó ń ta iṣu fún un láti ọjọ́ pípẹ́ gbé ṣéńjì sórí tábìlì fún un, kò fi lé e lọ́wọ́. Àwọn kan ń sọ fún un pé ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́, ẹ̀mí ẹ̀ á gùn. Ó ń ṣe àmín. Dárà ni kò lè ṣe àmín. Ó wá bá mi nínú kíṣìnì, ó fi Yorùbá ẹ̀ tí kò ní òkè kò ní ilẹ̀ bi mí pé, "Uncle, if Grandma says Mummy ti kú, so ta ló ń mú mi lọ school?"

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi lọ, Alhaja lọ, Pásítọ̀ tí wọ́n ti lé pàápàá padà lọ. Mo ṣàlàyé pé àjẹ́ òyìnbó kì í ṣe àjẹ́ tiwa, pé eré ọmọdé ni, pé obìnrin inú ìtàn tó ń gun ìgbálẹ̀ fò ni. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá fi èdè òyìnbó pè mí lólè, ṣé mi ò ní gbọ́ Yorùbá ẹ̀ ni?" Mo ní ṣùgbọ́n ọmọ yín ni, Ìyá Àgbà, ó ń pè yín lórí fóònù lójoojúmọ́. Wọ́n na ọwọ́ mú fóònù náà, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e padà. "Òkú kì í fóònù," wọ́n ní.

Báyìí ni ọdún ṣe ń gorí ọdún. Halloween á dé, á lọ, fèrèsé wọn á funfun kalẹ̀, kò ní sí bébà kankan lára ẹ̀ mọ́. Mojí gba ilé tiẹ̀ ní Kennington. Dárà ga, ó ń dá wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ìyá ìyá ẹ̀, nítorí òun kò kú ní tiẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Mojí ń fẹ́, ó sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò: kí ìyá òun pe òun lórúkọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó lọ. Ó ní tí wọ́n bá lọ láìpe òun, kò sẹ́ni tó tún lè jí òun dìde.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kọ̀, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ó wá ku ẹnu. Kánsù ń rán àwọn olùtọ́jú wá, Ìyá Àgbà ń lé wọn. Wọ́n sọ fún ọ̀kan pé lọ́fínńdà ẹ̀ lè jí òkú, wọ́n sọ fún òmíràn pé bó ṣe ń wẹ ènìyàn, àwo ló yẹ kó máa fọ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wá mọ́, Mojí wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé láàárọ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ó kí wọn, kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú wọn. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n wò ó pẹ́. "Nọ́ọ̀sì," wọ́n ní, "ọwọ́ ẹ tutù."

"Ẹ má bínú, ma," Mojí dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ló wá ń jẹ́ láti ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì, yí mi padà. Nọ́ọ̀sì, ṣé iléèwé ni wọ́n ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi ògì jó ènìyàn lẹ́nu? Tí ara bá sì rọ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n á máa sọ ìtàn ọmọ wọn tó ti kú fún un. Wọ́n ní àbíkẹ́yìn ni, òun ni wọ́n bí pẹ̀lú ìrora jù, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ẹ̀rín ẹ̀ máa ń dé ilé kó tó dé. Láyé Mojí, ìyá ẹ̀ ò yìn ín rí. Òkú ẹ̀ ni wọ́n wá ń yìn lójú ẹ̀, ó sì ní láti máa bi wọ́n bóyá kí òun gbé ìrọ̀rí sókè sí i. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Àgbà ní kó má sunkún. Wọ́n ní, "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ì bá jẹ́ òun ló ń wẹ̀ mí, mi ò ní máa gbọ̀n báyìí."

Ọ̀sán ni wọ́n kú, lójú wa. Ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n Mojí wà níbẹ̀, èmi àti Dárà dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mojí jókòó tì wọ́n, abọ́ ògì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí a sún mọ́ àwọn. Wọ́n súre fún ìyá mi, wọ́n pè é lórúkọ, wọ́n fi oríkì ẹ̀ kì í. Wọ́n súre fún ìkejì àti ìkẹta, wọ́n pè wọ́n lórúkọ. Wọ́n pè mí, wọ́n pe Dárà. Ó wá ku Mojí. Mojí gbé ṣíbí dúró lókè.

Ìyá Àgbà yí ojú sí i.

"Nọ́ọ̀sì," wọ́n ní, "o ṣeun. Ìyá tó bí ẹ á jẹun ọmọ kó tó kú."

Wọ́n ya ẹnu. Mojí fi ògì náà sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì gbé e mì. Òun ni ìkẹyìn tí wọ́n jẹ.

Gbogbo wa ṣe àmín, àfi Mojí. Ó gbé abọ́ lọ sí kíṣìnì, ó ṣan án, ó nù ún, ó dà á dé, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì rí èsì fún. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, tí ẹ gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ẹ bá mi dá a lóhùn: ìyá Mojí, ṣé wọ́n jẹun ọmọ kí wọ́n tó kú, àbí wọn ò jẹ ẹ́?